Wáyà Kan, Ọ̀nà Méjì

Òru ọjọ́ Ẹtì, ní ọsibítù kan lọ́nà Ayégbàmí, ní Ṣàgámù,
nọ́ọ̀sì gbé fóònù sétí, ó ń pe ilé ẹ̀jẹ̀:
"Ẹ gbé O... nẹ́gẹ́... páìntì mé..."
Ohùn ń já bí okùn tí eku ti jẹ láàárín.
Ní yàrá àwòrán, ẹnìkan ń fi fọ́tò egungun ránṣẹ́,
ọgọ́rin fọ́tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì,
gbogbo wọn rọ́ sínú wáyà kan náà
tí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ń gbà.
Rísíkátù agbálẹ̀ ló bọ́ bàtà,
ló fi ẹsẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà délé ẹ̀jẹ̀.
Ìyá yè, ọmọ yè.
Mátírọ̀nì Odùgbẹ́san ò tìtorí ìyẹn dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé, wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

Mo bá súwíìṣì nínú kọ́bọ́ọ̀dù,
láàárín ìgbálẹ̀ àti ike omi ìnulẹ̀,
ogójì wáyà rọ̀ mọ́ ọn bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ọmú.
Kò sí ògiri níbẹ̀, kò sí ààlà:
bí kọ̀ǹpútà kan bá kígbe, gbogbo fóònù ní láti gbọ́.
Lúkúmọ́nù ọmọ iṣẹ́ mi ní,
"Ọ̀gá, ṣé a ó ra súwíìṣì míràn ni?"
Mo ní rárá. O ò mọ Sábó nígbà tí màmá mi ń ṣa obì níbẹ̀.

Abà kan ṣoṣo ni, páànù kan ló bo gbogbo wọn,
gbànja lọ́tọ̀, àbàtà lọ́tọ̀,
èyí tí kòkòrò ti fẹnu kàn ní apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.
Màmá mi a so òwú pupa mọ́ apẹ̀rẹ̀ tó gbọdọ̀ yá.
Ọkọ̀ Kánò kan náà ni gbogbo wọn jọ ń wọ̀;
bí wọ́n bá dé ọ̀hún, ẹni tó mọ òwú a mọ ẹrù.
Kò sẹ́ni tó kọ́ abà kejì.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀:
ẹ̀wá fún détà, ogún fún ohùn.
Lórí tábìlì, wáyà kan ti ara ògiri wọ fóònù,
ó gba ẹ̀yìn fóònù wọ kọ̀ǹpútà.
Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ń lọ láìso nǹkan kan mọ́rùn,
ọ̀rọ̀ ẹnu so òwú pupa.
Mo wí fún súwíìṣì: níbi tí ọ̀nà bá ti há,
olówùú ni kí o kọ́kọ́ jẹ́ kó kọjá.
Fọ́tò lè dúró.
Egungun tó ṣẹ́ láàárọ̀ ò ní tún ṣẹ́ nítorí ìdúró díẹ̀,
ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu tó bá pẹ́ lọ́nà,
ariwo lásán ni yóò bá dé.

Mo tẹ bọ́tìnnì.
Gbogbo fóònù ọsibítù kú.

Mátírọ̀nì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lé ìbàdí:
"Kí o tó dé, ńṣe ló ń já. O dé tán, ó kú."
Òógùn bo imú mi. Mo wo ibí, mo wo ọ̀hún.
Lúkúmọ́nù ló rí i:
lórí wáyà ńlá tó so ilé òkè mọ́ tìsàlẹ̀,
ẹ̀wá nìkan ni mo gbà láàyè.
Mo di ẹrù tán, mo so òwú tán,
mi ò kọ orúkọ ogún sínú ìwé awakọ̀.

Mo fi ogún kún un.

Fóònù dún. Yàrá ìgbẹ̀bí ni: "Ṣé ò ń gbọ́ mi?"
Mo gbọ́ ọ, mo gbọ́ èémí rẹ̀,
mo gbọ́ fáànù tó ń han lókè orí ẹ̀,
mo gbọ́ ọmọ tuntun kan tó ń bínú sí ayé.
Ní yàrá àwòrán, fọ́tò ń rìn lọ jẹ́jẹ́.

Nírọ̀lẹ́ mo rẹ gàrí, mo jókòó sí pèpéle,
mo fi fóònù àpò mi pe màmá mi.
"Mọ́mì, mo lo òwú pupa yín lónìí."
Ó ní, "Kí lo... òwú... ta ló..."
Ó já.
Òpó gíga tó wà lókè Ṣàgámù yẹn,
kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ mi.